Ìtàn Alùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, Ẹni tí ó Wádìí Ọ̀ràn àti Ìdájọ́ Àwọn Baba Wa

Kò sí ọ̀kan nínú yín tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Alùfáà Samuel Johnson. Ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí ó kọ wà li ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí kòkòrò sì ti jẹ etí rẹ̀. Nígbà tí a bá ṣí i, orúkọ ọba àti ọdún ogun ni a sábà máa ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a máa ń gbójú fò. Ọkùnrin yìí fi ara balẹ̀ wádìí bí àwọn baba wa ti ń mú ọ̀daràn, ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́, ẹni tí ń dájọ́, ẹni tí a ń pa, àti ẹni tí ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí kò yẹ kí ó lọ.

Ohun tí ó mú mi rántí èyí ni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ṣe eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà ṣubú lulẹ̀. Bí a ti ń jáde, ọmọdékùnrin kan di aṣọ mi mú, ó sì bi mí pé ta ni ó dájọ́ obìnrin náà, àti pé kí ni ẹ̀sùn rẹ̀. N kò rí èsì fún un ní kíákíá. Mo lọ sí ilé, mo ṣí ìwé Johnson, mo sì ka ojú ewé náà li ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó sùn.

A bí Samuel Johnson ní ọjọ́ 24, oṣù June, ọdún 1846, ní Hastings, ìletò kan nítòsí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni baba rẹ̀, Henry Erugunjinmi Johnson. A kó o lẹ́rú, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Sàró bí wọ́n ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa kalẹ̀ níbẹ̀. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí nígbà tí a bá dé orí ọ̀ràn Baṣọ̀run Gáà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé baba rẹ̀ ni Johnson ń kọ. Nínú àwọn arákùnrin rẹ̀ ni Henry wà, ẹni tí ó di Áṣídíákónì, àti Nathaniel tí òun náà jẹ́ alùfáà, àti Obadiah tí ó di oníṣègùn òyìnbó. Bí kò bá sí ti Obadiah yìí, àwa kì bá tí rí ìwé náà rárá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ níwájú.

Li ọdún 1858 ni baba náà kó ìdílé rẹ̀ dé Ìbàdàn láti bá Alùfáà David Hinderer ṣiṣẹ́ ní Kúdẹtì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Samuel nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, li ọdún 1860. Ọ̀ràn òfin ni ó sì fa ogun náà. Àṣà àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Aláàfin Àtìbà yí òfin náà padà kí ó tó wàjà, kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí, Ààrẹ tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀. Ó ní òfin àwọn baba ni òfin. Ìjàyè parun li ọdún 1862 lórí ọ̀rọ̀ yìí, ebi sì pa àwọn ará Kúdẹtì tó bẹ́ẹ̀ tí Hinderer àti aya rẹ̀ fi ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣe ojú rẹ̀ kò ní ṣàì máa bèèrè, nígbà tí ó bá dàgbà, bí a ti ń ṣe òfin àti bí a ti ń rú u.

Láti ọdún 1863 dé 1865 ni ó wà ní Abẹ́òkúta ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, li abẹ́ Gottlieb Bühler, ará Jámánì kan. Li ọdún 1866 ó padà sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́ àwọn ọmọdé. Níbẹ̀ ni ó wà li ọdún 1874 tí ọ̀ràn Ẹfúnṣetán ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ ni ó kọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Inú ìlú náà ni ó ń gbé.

Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán. Ó tan mọ́ Ẹ̀gbá. Ó ní oko púpọ̀, ó ní ẹrú lọ títí, a sì máa ta ìbọn àti ẹ̀tù. Láwìn ni ọ̀pọ̀ ìjòyè ti ń gbà á lọ sí ogun. Ààrẹ Látóòsà ni olórí Ìbàdàn li àkókò náà. Nígbà tí ó ti ogun dé, ó pe obìnrin yìí lẹ́jọ́, ó sì ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lọ́rùn. Èkínní, pé kò bá òun lọ sí ogun. Èkejì, pé kò fi ohun èlò ogun ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó. Ẹ̀kẹta, pé kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde wá pàdé òun li ẹ̀yìn odi láti kí òun kú àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀sùn wọ̀nyí, nítorí Johnson kò kọ wọ́n sílẹ̀ lásán. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ogun, a sì lè gbà pé ó kan ìlú. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án náà ni olórí àwọn tí yóò dá a lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 1, oṣù May, a gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀, ó fi àwọn ènìyàn ńlá bẹ̀, ó san owó ìtanràn, ṣùgbọ́n ìbínú Ààrẹ kò rọ̀. Ààrẹ fẹ́ kí àwọn ìjòyè dìde sí ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Ìbàdàn nígbà tí a bá fẹ́ pa ẹni ńlá run, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ti gbangba kò ṣe é ṣe, a wá ọ̀nà ìkọ̀kọ̀. A tan Kúmúyìlọ́, ẹni tí obìnrin náà fi ṣe ọmọ, ó sì rán ẹrú méjì sí i. Li òru ọjọ́ 30, oṣù June, àwọn ẹrú méjèèjì gba òkè àjà wọ yàrá tí ó ń sùn, wọ́n sì pa á.

Ìlú ìbá dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tí ń gbé ní Ìbàdàn ni kò dákẹ́. Wọ́n ní ọmọ wọn ni, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí ó pa á. Nígbà náà ni a tó pe ìpàdé li oṣù July, tí a sì bi Kúmúyìlọ́ léèrè ní gbangba. Ọ̀rọ̀ jáde tí ó kan àwọn tí a kò fẹ́ kí ó kàn. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ẹrú méjèèjì ni a pa ní ọjà, li ojú gbogbo ènìyàn. Ní ti àwọn tí ìmọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ilé wọn ni wọ́n padà sí. Johnson kò bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí a fẹ̀sùn kàn án, ó kọ ẹ̀sùn náà, ó kọ bí a ti pa á, ó sì kọ ẹni tí ó jìyà àti ẹni tí kò jìyà. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé kóòtù òde òní kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Li ọdún 1875 ó di katikíìsì. Ó di díákónì li ọdún 1880. Láti ọdún 1881 wá, Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà jùlọ, níbẹ̀ ni ó sì ti di alùfáà li ọdún 1888. Ẹ̀yin ti mọ iṣẹ́ àlàáfíà tí ó ṣe nínú ogun Kírìjì: bí ó ti gbé ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ bá Gómìnà ní Èkó li ọdún 1881, àti bí òun àti Alùfáà Charles Phillips ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn li oṣù June, ọdún 1886. A ti sọ èyí nígbà púpọ̀ nínú ìwé, n kò ní tún un sọ.

Ọ̀yọ́ ni ó ti rí àkókò ìwádìí. Ọ̀yọ́ tí mo wí yìí ni Ọ̀yọ́ òde òní, tí Àtìbà tẹ̀ sí Àgọ́-Ọ̀jà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Àwọn arọ́kin ààfin wà níbẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ka ìtàn àwọn ọba li ojoojúmọ́ pẹ̀lú orin àti ìlù. Ó jókòó tì wọ́n. Ní ti ogun àtijọ́, ó ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Ìbàdàn bíi David Kukọmi, bàbá àgbà ìjọ Ìbàdàn, tí ó ti gbé ìbọn nígbà èwe rẹ̀, àti Josiah Oni, oníṣòwò. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: orin ni arọ́kin fi ń pa ìtàn mọ́, orin a sì máa yin ọba, ẹni tí ó jà lójú ogun a máa rántí ẹ̀jẹ̀. Johnson gbọ́ ti àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó rí nípa ìdájọ́ ní Ọ̀yọ́ kò rọrùn bí àwọn òyìnbó kan ti rò, tí wọ́n ní ọba kàn ń pa ẹni tí ó bá wù ú. Mẹ́ta ni àwọn ìwẹ̀fà tí ó ga jùlọ li ààfin, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Ọ̀tún-ìwẹ̀fà ń ṣe ti òrìṣà Ṣàngó. Òsì-ìwẹ̀fà dúró fún ọba nínú àkóso ìlú. Ọ̀nà-ìwẹ̀fà ni onídàájọ́. Òun ni ń gbọ́ ẹjọ́ tí a bá gbé wá sí ààfin, ìdájọ́ rẹ̀ sì dàbí ìdájọ́ ọba. Àwọn tẹ̀tù ni ó ń mú ọ̀daràn, àwọn ni ó sì ń bẹ́ orí. Nítorí náà, ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ kọ́ ni ó ń mú idà dání. Bí èmi bá jẹ́ olùkọ́ ìtàn, ibẹ̀ ni n bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, kí n tó ka orúkọ ọba kan ṣoṣo.

Ó kọ nípa gbèsè pẹ̀lú, ibi tí ó sì ti kọ ọ́ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ajigbèsè bá kọ̀ láti san, olówó a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú, a sì rán ológò sí i, èyí tí a ń pè ní dídógò tì. Ológò yóò wọ agbo ilé náà, yóò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ojú ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa bú ẹni tí ó bá kọjá, adìẹ tí ó bá sì rí ni yóò mú pa jẹ. Kì í ṣe ajigbèsè nìkan ni ó ń ni lára. Gbogbo agbo ilé ni. Kò ní pẹ́ tí baálé àti àwọn ìyàwó ilé yóò fi dìde sí ẹni tí ó jẹ gbèsè pé kí ó wá owó náà san, kí àwọn lè sùn. A kò na ẹnikẹ́ni, a kò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, owó sì jáde. Ṣùgbọ́n Johnson kò ṣàì rí i pé ẹni tí kò jẹ gbèsè ni adìẹ rẹ̀ ń kú.

Ní ti Baṣọ̀run Gáà, ibẹ̀ ni mo rò pé ìwádìí rẹ̀ jinlẹ̀ jùlọ. Ní òfin Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run ni ó lè sọ fún Aláàfin, li orúkọ ìlú àti ti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, pé a kò fẹ́ ẹ mọ́, Aláàfin yóò sì kú fúnra rẹ̀. Èyí ni a fi ń dá ọba tí ó bá ń ni ìlú lára dúró. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a fi lè mú ọba jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Gáà mú ohun tí í ṣe òfin, ó sì sọ ọ́ di ohun ìjà ọwọ́ ara rẹ̀. Ọba tí kò bá tẹrí ba fún un ni ó ń rán lọ sí ọ̀run. Awọnbíojú kò lò ju àádóje ọjọ́ lọ lórí oyè. Àwọn ọmọ Gáà náà tàn káàkiri ìgbèríko, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sí ààfin. Ìdájọ́ wà, ìlànà rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ tí òfin ní kí a sọ ni a sì ń sọ, síbẹ̀ ìpànìyàn ni. Abíọ́dún ni ó gbìmọ̀ pẹ̀lú Ọyabi, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó wà ní Ajàṣẹ́, wọ́n sì bì í ṣubú li ọdún 1774. Wọ́n fi ikú oró pa á, wọ́n sì pa àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́.

Abíọ́dún yìí ni baba ńlá Johnson. Ẹlòmíràn ìbá fi adé funfun dé e lórí. Johnson yìn ín fún àlàáfíà tí ó wà li ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi bí a ti fi ẹ̀jẹ̀ gbẹ̀san pamọ́ fún wa, ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wàyí. Ọjọ́ ìrìn kan ni láti Ọ̀yọ́ òde òní fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà kí a tó tẹ Ọ̀yọ́ òde òní dó. Ogúnlọlá jẹ́ ọdẹ. Abẹ́ igi Ajàgbọn ni ó tẹ̀dó sí. Nígbà tí ó rí èéfín li ọ̀nà jíjìn, ó mọ̀ pé ọdẹ mìíràn wà nítòsí, wọ́n sì wá ara wọn rí, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Àlọ́ńgò, kí wọ́n lè jọ ṣọdẹ, kí wọ́n sì lè gba ara wọn li ọwọ́ àwọn agbénipa. Ogúnlọlá ni olórí wọn. Ìyàwó rẹ̀ a máa ṣe ọtí fún wọn, ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń parí aáwọ̀. Nítorí náà, onídàájọ́ kékeré ni Ogúnlọlá fúnra rẹ̀.

Onídàájọ́ yìí náà ni ó di ọ̀daràn. Ó pa ènìyàn nínú ìjà, a sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé sí iwájú Aláàfin. Ọ̀ràn ikú ni. Ọba ni ó lè gbọ́ ọ. Nígbà tí ó wà ní ìhámọ́ tí a kò tí ì parí ẹjọ́ rẹ̀, ó gbọ́ pé jagunjagun kan tí à ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da àwọn ènìyàn Aláàfin láàmú, ẹnikẹ́ni kò sì lè kò ó lójú. Ó bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun lọ gbìyànjú. Wọ́n gbà fún un. Ó mú ọrun àti ọfà rẹ̀, ó ṣọ́ ọkùnrin náà, ó ta á, ó gé orí rẹ̀, ó sì gbé e wá fún ọba. Láti ibẹ̀ ni a ti ń sọ pé a rí orúkọ ìlú náà, nítorí gbígbé tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Aláàfin dárí ọ̀ràn jì í. Ó fẹ́ kí ó dúró ti òun li Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Ogúnlọlá bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun máa ṣe tòun ní ọ̀hún. Ọba gbà, a sì ní láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni oyè Ṣọ̀ún ti wá.

Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó mọ ìtàn yìí, onílù ń lù ú, akéwì ń ké e, a sì ń fi ṣeré. Ìtàn tí ó dùn ni. Èmi náà a máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe ẹnu mi ní kèrémí nígbà tí mo bá rántí pé ẹjọ́ ìpànìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹjọ́ náà kò parí. A fi orí kan san orí kan. Ẹni tí Ogúnlọlá kọ́kọ́ pa ní ìyá, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní aya. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ kí onílù kan dárúkọ rẹ̀. Àǹfààní tí ó wà nínú pé kí ìlú rí akọni gbà sílẹ̀ pọ̀ púpọ̀, n kò jiyàn. Mo kàn ń wí pé ẹnìkan san owó rẹ̀, a kò sì bi í bóyá ó fẹ́ san án.

Nígbà tí Johnson wà li Ọ̀yọ́, ọ̀ràn ìdájọ́ kan tún dé tí ó jó ìlú. Li ọdún 1895, a dá ọkùnrin kan lẹ́bi panṣágà, Aláàfin Adéyẹmí sì ní kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́. Kapiténì Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, ní ìwà ìkà ni, ó sì ní kí Aláàfin wá wí tẹnu rẹ̀. Ọba tí gbogbo ilẹ̀ ń gbé ẹjọ́ wá bá, a pè é lẹ́jọ́ wàyí. Ọ̀rọ̀ kò wọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ní ọjọ́ 12, oṣù November, Bower yin àgbá lu Ọ̀yọ́, iná sì ran. Ọ̀kan jẹ̀bi fífi abẹ jẹ ènìyàn kan níyà. Èkejì fi àgbá jẹ gbogbo ìlú níyà nítorí rẹ̀. Johnson ni alùfáà ìjọ Ọ̀yọ́ li ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ìjọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbé ìwé Aláàfin yìí lọ sí Èkó ní ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá parí ogun. Mo sábà máa ń ronú nípa bí yóò ti rí li ọkàn rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, li ọdún 1897, ó parí ìwé rẹ̀ li Ọ̀yọ́. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí a tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù síbẹ̀. Ogún ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kò padà wálé, kò sì rí i títí ó fi kú ní ọjọ́ 29, oṣù April, ọdún 1901. Obadiah oníṣègùn kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó parí, tí ó sì tún fi ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ìwé náà wà nínú rẹ̀ lójú òkun li oṣù January, ọdún 1916, wọ́n sì fà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà bọ́ nínú èyí pẹ̀lú. Obadiah kú li ọdún 1920. A tẹ̀ ẹ́ jáde li ọdún 1921. Nínú àwọn arákùnrin méjèèjì, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ rí i.

Láti ìgbà náà ni àwọn òṣèré ti ń wá ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ wa kan, mú ọ̀ràn Ṣàngó pẹ̀lú Tìmì àti Gbọ̀ǹkáà, ó sì ṣe é ní eré Ọba Kòso li ọdún 1963. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Baṣọ̀run Gáà li ọdún 1972. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, a sì tẹ̀ ẹ́ li ọdún 1970. Nínú eré ìkẹyìn yìí, òǹrorò ni Ìyálóde. Ó ní ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ó sì pa Adétutù tí ó lóyún. Látóòsà wá mú un bí ẹni tí ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀, obìnrin náà sì gbé májèlé jẹ. N kò dá akọ̀wé náà lẹ́bi. Ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìkà tí a ń ṣe sí ẹrú, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó wo eré náà yóò jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹjọ́ àwọn ẹrú ni a dá li ọdún 1874, àti pé Ààrẹ ni ó gbèjà wọn. Nínú ohun tí Johnson kọ, ẹrú méjì kúkú wà nínú ọ̀ràn náà. Àwọn ni a pa fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo ránṣẹ́ pe ọmọdékùnrin tí ó bi mí léèrè. Mo gbé ìwé náà sí iwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ̀sùn mẹ́ta wọ̀nyí wà. Ó kà wọ́n pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì náà le fún un. Nígbà tí ó dé òpin, ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó tún ṣí ojú ewé kejì, ó sì bi mí pé níbo ni ti Adétutù wà. Mo ní kí ó padà kà á láti òkè.